Bóòtù Tí Kò Gbọdọ̀ Fún

Ajé, 9 oṣù Kejì, 1987

Géètì ilé Àǹtí Láwùmí ló là mí lójú lónìí. Láti ìgbà tí mo ti dé sí Bódìjà ni èmi àti géètì yìí ti ń jà. Láàárọ̀, ìka kan péré tó láti ṣí i. Tó bá fi máa di ọ̀sán, tí oòrùn ti pa irin rẹ̀ dáadáa, àfi kí n fi èjìká tì í kó tó padé. Mo máa ń sọ nínú ara mi pé ẹni tó ṣe é kò mọ iṣẹ́. Lónìí mo wá jẹun ọ̀sán nílé, mo fi èjìká tì í, mo sì dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Irin géètì ń wú nínú oòrùn, òpó sìmẹ́ǹtì méjèèjì kò sì yẹ̀ kúrò lójú kan. Irin ń wá àyè, kò rí.

Ohun tó ń fọ́ àwọn ègé tí mò ń fi iná dán wò níbi iṣẹ́ nìyẹn. Kì í ṣe iná. Ìdìmú ni, irin tí mo fi ń dì wọ́n mú síwájú iná. Tí irin bá gbóná, ó ń gùn sí i. Ègé dúdú tí mo fi bóòtù méjì dè mọ́ ọn kì í gùn, bó ti wù kí iná pọ̀ tó. Irin á wá máa fà á lápá ọ̀tún, á máa fà á lápá òsì, títí á fi ya níbi ihò bóòtù. Odidi oṣù kan ni mo fi ń bá iná wí, iná ò jẹ̀bi.

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo yàwòrán sẹ́yìn páálí mílíìkì. Àǹtí bi mí bóyá oòrùn ló mú mi. Mo ní rárá, ara mi ò yá tó báyìí rí.

Ìṣẹ́gun, 10 oṣù Kejì

Bàbá mi, ẹ̀yin lẹ fún mi ní ìwé yìí ní Òkè Àdó, tí ẹ ní kí n máa kọ ọ́ lédè wa títí iṣẹ́ yìí yóò fi parí, kí n sì máa gbé e wá kí ẹ kà á. Ẹ ní kí n kọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fún àgbà tí kò dé ṣọ́ọ̀bù wa rí. Ó dáa, ẹ gbọ́.

Ègé mẹ́jọ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Hartley ní Ìlú Òyìnbó kó fún mi nígbà tí mò ń bọ̀ nílé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, ó dúdú, ó fúyẹ́ bí páálí. Òwú èédú ni wọ́n hun bí ẹní, tí wọ́n wá fi oje lẹ̀ pọ̀ nínú iná. Wọ́n fẹ́ fi irú rẹ̀ bo imú ọkọ̀ òfurufú tí yóò máa sáré ní ìlọ́po márùn-ún eré ohùn. Tí nǹkan bá ń sáré báyẹn, atẹ́gùn tó ń gbá a lójú nìkan tó láti yọ́ irin. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti sun irú àwọn ègé yìí nínú ẹ̀rọ ńlá tiwọn, ó mọ ohun tó yẹ kó jáde. Ó ní tí mo bá lè fi iná gáàsì tí àwọn wẹ́dà ń lò ní Ìbàdàn sun wọ́n, tí mo sì rí èsì mẹ́ta tó bá tòun mu kí oṣù Kẹrin tó parí, òun á gbà mí fún iṣẹ́ oyè dókítà, n ó sì máa ṣe é láti ìhín. Láti ìhín ni mo fẹ́. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo lò lọ́hùn-ún, ó tó.

Mẹ́ta ti fọ́ nínú oṣù Kìn-ín-ní. Ó ku márùn-ún. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la lè sun ègé kan. Bó bá fọ́, ó lọ nìyẹn.

Èmi àti Bándélé la jọ ń ṣèwádìí nínú ṣọ́ọ̀bù ilé iṣẹ́ ìwádìí wa. Ọ̀rọ̀ ìkòkò irin ni tirẹ̀, kò kàn mí. Ó ní àwọn Òyìnbó ní iná tiwọn, kí ló dé tí wọ́n fi ń wá iná wẹ́dà kiri. “Bọ́ǹbù ni wọ́n ń ṣe. Lọ́jọ́ tó bá bú, wọ́n á ní Wùnmí ló dán an wò.” Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Òyìnbó lorúkọ tó sọ mí, níwájú gbogbo ènìyàn. Mi ò rẹ́rìn-ín. Mo ti bi Ọ̀jọ̀gbọ́n nínú lẹ́tà nígbà kan ohun tí ọkọ̀ náà fẹ́ máa gbé, ó dá mi lóhùn lórí gbogbo ìbéèrè yòókù.

Ẹtì, 13 oṣù Kejì

Nẹ́pà mú iná lọ láti aago mẹ́jọ. Ọyẹ́ tó yẹ kó ti lọ tún padà, eruku wọ inú gbogbo nǹkan. Mo ya ìdìmú tuntun lẹ́ẹ̀mẹrin.

Ọjọ́rú, 18 oṣù Kejì

Bàbá Gàfárù ti gé ìdìmú tuntun. Àwọn ni ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù wa. Ọdún méjìlélógún ni wọ́n fi tún ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú irin ṣe kí wọ́n tó wá síhìn-ín, wọ́n á sì fẹ̀yìn tì ní oṣù Kẹfà. Wọ́n á kọ́kọ́ sọ pé “Bìsìmílà” kí wọ́n tó gbé fáìlì, wọn kì í sì í fi irinṣẹ́ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ ní ìdọ̀tí, ìbáà ṣe ti ẹni tí kò kí wọn.

Báyìí ni ìdìmú náà ṣe rí. Bóòtù apá òsì dúró gbọn-in. Lápá ọ̀tún, ihò rẹ̀ gùn bí ẹyọ àgbàdo, bóòtù inú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ lè rìn lọ rìn bọ̀. Tí èèyàn bá fọwọ́ kàn án, kó máa mì díẹ̀. Sípíríǹgì kékeré kan ló wà lábẹ́ orí rẹ̀, tí a rí lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara máṣìnnì ní Dùgbẹ̀. Irin á gùn bó ṣe fẹ́, ègé mi ò ní í mọ̀.

Bàbá Gàfárù ní kí n fa àga, kí n jókòó, kí n ṣàlàyé àwòrán náà fún wọn látòkè délẹ̀. Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu, wọ́n ti gé e bí mo ṣe yà á, ó ti parí. Mo fẹ́ tètè gbé ìwé ìròyìn iṣẹ́ mi lọ sílé ìtẹ̀wé ni. Wọ́n ní, “Ó dáa, Ìyá Ẹnjiníà,” wọ́n sì lọ ṣe àlùwàlá.

Ìṣẹ́gun, 24 oṣù Kejì

Ó ṣeé ṣe.

Mo de ègé kan mọ́ ìdìmú ní aago mẹ́wàá, mo tan iná sí i ní aago mọ́kànlá. Ojú iná funfun débi pé mo ń rí egungun ọwọ́ mi nínú awò dúdú, tàbí mo rò bẹ́ẹ̀. Wáyà tí ń ka ooru ni mo lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ègé náà. Ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá kan ló gbà kí ẹ̀yìn tó gbóná dé ibi tí a ń wò. Ti Ọ̀jọ̀gbọ́n jẹ́ ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Mo pa iná. Ègé náà ṣì wà lódidi, ojú rẹ̀ jó, ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán. Bóòtù ọ̀tún ti rìn nínú ihò rẹ̀, ó sì ti padà.

Bándélé pàtẹ́wọ́. Ó ní òun ò rí Òyìnbó tó mọ iná dá tó báyìí. Ó pẹ́ tó fi dúró ti ìdìmú náà, tó ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Mo ra súyà dé ilé. Ó ku mẹ́rin.

Ọjọ́rú, 25 oṣù Kejì

Ó fọ́.

Mo ti de ègé sílẹ̀ lánàá kí n tó lọ sílé, kí n lè sun ún láàárọ̀ kí ooru tó mú. Kò tí ì tó ogún ìṣẹ́jú àáyá tó fi dún bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ́ igi ìdáná. Ibi ihò bóòtù ló ti ya, bíi ti oṣù Kìn-ín-ní gẹ́lẹ́.

Ṣé irin tí wọ́n tà fún wa ni kì í ṣe ojúlówó? Àbí Ọ̀jọ̀gbọ́n ló kó àwọn tí kò dáa mọ́ àwọn tó dáa? Kí ló dé tó fi yọ̀ǹda mẹ́jọ fún mi wẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀? Ẹni tó mọ iye owó nǹkan kì í fi tàánú-tàánú pín in.

Ọjọ́bọ̀, 26 oṣù Kejì

Kábáìdì tí a fi ń ṣe gáàsì tún ti wọ́n sí i. Ẹni tó ń tà á ní Sẹ́fẹ̀mù ni, ọjà dọ́là tuntun tí ìjọba dá sílẹ̀. Gbogbo nǹkan ni Sẹ́fẹ̀mù báyìí, àti búrẹ́dì.

Ìṣẹ́gun, 3 oṣù Kẹta

Òmíràn tún fọ́ láàárọ̀ yìí. Ó ku méjì, mo sì nílò èsì méjì sí i. Kò sí àyè àṣìṣe mọ́.

Àmọ́ lónìí mi ò sunkún. Mo dúró kí ìdìmú tutù, mo wá fọwọ́ kan bóòtù ọ̀tún. Kò mì. Mo gbé sípánà, mo fi gbogbo agbára mi tì í kó tó tú. Èmi fúnra mi ni mo dè é lánàá, ìka méjì ni mo fi dè é. Mo lè búra.

Ẹnì kan ló fún un.

Kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ló wà: tèmi, ti Bándélé, ti Bàbá Gàfárù. Mo kọ orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí ìwé. Mo fa igi lé ti Bàbá Gàfárù kí yíńkì tó gbẹ. Àgbà tí kì í jókòó sórí àga ẹlòmíì láìgbàṣẹ, kí ni yóò máa wá lára iṣẹ́ mi?

Àìkú, 8 oṣù Kẹta

Àǹtí mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Agbowó. Ẹ mọ̀ pé Àǹtí kò fi aṣọ funfun wọn ṣeré. Lẹ́yìn ìsìn, aríran wọn, Ìyá Àbẹ̀ḿbí, gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ní, “Ẹnì kan ń fọwọ́ kan iṣẹ́ ọwọ́ rẹ lẹ́yìn rẹ. Ó sún mọ́ ọ.” N kò sọ nǹkan kan fún wọn ṣáájú. Bóyá Àǹtí sọ fún wọn.

Nínú takisí, Àǹtí yíjú sí mi. “Ta ló máa ń rẹ́rìn-ín jù ní ṣọ́ọ̀bù yín?”

Mo ní Bándélé ni.

“Ẹ̀n-ẹ́n,” wọ́n wí, wọ́n sì kọjú síwájú títí a fi dé Bódìjà.

Ajé, 9 oṣù Kẹta

Mo yá kútẹ́ẹ̀sì pupa tí Àǹtí fi ń kun èékánná. Mo de bóòtù bó ṣe yẹ, mo wá fi kútẹ́ẹ̀sì fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti orí bóòtù dé ara irin ìdìmú. Tí bóòtù bá yí, ìlà á gé sí méjì. Mi ò fi ègé sí i. Mo fi páálí dípò rẹ̀.

Bándélé bá mi níbẹ̀. Ó béèrè bóyá èmi àti ìdìmú ń lọ síbi ìgbéyàwó. Ó ń gbọn ẹsẹ̀ kan bí ó ti ń sọ ọ́. Mo rí i.

Ìṣẹ́gun, 10 oṣù Kẹta

Ìlà ti gé. Orí bóòtù ti yí ju ìdajì lọ.

Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí. Inú mi dùn nítorí pé orí mi ò dàrú.

Ọjọ́rú, 11 oṣù Kẹta

Mo lọ gba ike omi lórí tábìlì Bándélé, mo rí lẹ́tà lábẹ́ rẹ̀. Àpò lẹ́tà tó ní etí pupa àti búlúù, òǹtẹ̀ ìlú tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Hartley ń gbé sì wà lára rẹ̀. Orúkọ Bándélé ni wọ́n kọ síwájú. Mi ò ṣí i. Mo gbé ike padà sórí rẹ̀ bí mo ṣe bá a.

Ta ló mọ̀ ní ìlú yẹn? Èmi nìkan ni mo ti ibẹ̀ wá nínú gbogbo wa. Àyè akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo ni Ọ̀jọ̀gbọ́n ní.

Ọjọ́bọ̀, 12 oṣù Kẹta

Mo kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ojú ìwé méjì. Mo kọ nípa ìlà kútẹ́ẹ̀sì, kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta, àti lẹ́tà. Mo kọ pé Ọ̀gbẹ́ni Bándélé ni mo fura sí. Mo fi í sọ́wọ́ Dókítà Sẹ̀gilọlá, ọ̀gá ẹ̀ka wa. Wọ́n kà á lójú mi, wọ́n bọ́ awò wọn, wọ́n béèrè bóyá ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú.

Wọ́n ní nínú ilé iṣẹ́ ìwádìí, ẹni tó bá ń ba iṣẹ́ ẹnìkejì rẹ̀ jẹ́ burú ju olè lọ.

Ẹtì, 13 oṣù Kẹta

Wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Bándélé. Kò gbọdọ̀ dé ṣọ́ọ̀bù títí ìgbìmọ̀ yóò fi jókòó lé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù yìí. Dókítà tún lẹ ìwé mọ́ ara ògiri: ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá rí i pé ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ìdìmú Ìyáàfin Wùnmí, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, kò sì ní í gba owó ìfẹ̀yìntì.

Bándélé ń kó ìwé rẹ̀ sínú páálí nígbà tí mo wọlé. Mo rò pé á pariwo, mo ti múra sílẹ̀ de ariwo. Kò pariwo. Kò pè mí ní Òyìnbó.

Ó ní, “Wùnmí, ṣé o bi mí?”

Mo kọjú sí ìdìmú mi.

“Ọjọ́ kan ṣoṣo, kí o ní, Bándélé, ṣé ìwọ lo fọwọ́ kan nǹkan mi? Ṣé o bi mí?”

Mo ní ìgbìmọ̀ á bi í. Ó gbé páálí rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ bímọ nínú oṣù Kejìlá, mo mọ̀. Èmi náà jẹ nínú oúnjẹ ìkómọ wọn. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun ní ọmọ, kí ló dé tó fi ń ṣe irú èyí? Ohun tí mo sọ fún ara mi nìyẹn títí mo fi délé.

Ajé, 16 oṣù Kẹta

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ láàárọ̀, ó fọ gbogbo eruku kúrò lórí òrùlé Bódìjà. Ọ́síjìn tuntun dé ní aago mẹ́wàá. Mi ò dúró dọ̀la, mo de ègé, mo sì tan iná sí i lójú ẹsẹ̀. Ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Kò sí ibi tó ya.

Èsì kejì nìyẹn. Ó ku ègé kan, ó ku èsì kan.

Ẹ wò ó, ọjọ́ tí kò sí níbẹ̀ ló dára. Àǹtí ní òun ti wí. Bàbá Gàfárù bá mi yọ̀, wọ́n fún mi ní obì. Wọ́n béèrè pẹ̀lẹ́ bóyá ó dá mi lójú pé ọmọkùnrin yẹn ni. Mo ní ẹ̀rí wà, bàbá. Wọ́n mi orí.

Ẹtì, 20 oṣù Kẹta

Lánàá mo de bóòtù mọ́ páálí, mo fa ìlà kútẹ́ẹ̀sì lé e, kí n kàn fi mọ bóyá ìdìmú ṣì dára fún ègé tó kẹ́yìn. Láàárọ̀ yìí ìlà ti gé. Bándélé kò sí ní ṣọ́ọ̀bù láti ọjọ́ mẹ́jọ. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nínú dúróà Dókítà.

Ṣé ó ti ṣe òmíràn ni? Ṣé Dókítà fúnra wọn ni? Àwọn náà ti kàwé lọ́hùn-ún, wọ́n mọ Ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo kọ orúkọ wọn mọ́ mẹ́ta ti ọjọ́sí lórí ìwé. Mo kọ ti ẹni tó ń gbálẹ̀. Mo kọ ti ọlọ́dẹ. Mo rí i pé mo ti kọ orúkọ mẹ́fà, ọkàn mi ò sì balẹ̀ sí ìkankan, mo bá fa ìwé náà ya.

Ajé, 23 oṣù Kẹta

Mo de bóòtù ọ̀tún bó ṣe yẹ, kó máa mì, mo wá sọ pé mò ń lọ sí Jericho lọ rí dókítà eyín. Mi ò lọ. Mo jókòó sí yàrá kékeré tí a ń kó sílíńdà sí, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí inú ṣọ́ọ̀bù. Aago mẹ́ta ààbọ̀ ni a ń parí iṣẹ́. Ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, gbogbo ènìyàn ti ń fọwọ́; ìgbà yẹn ni èmi máa ń lọ sílé.

Bàbá Gàfárù gbé sípánà kúrò lára ògiri. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Wọ́n fọwọ́ kan bóòtù léètì, ẹ̀rọ tí ń yí irin gé, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fọwọ́ kan ti fáìsì tí a fi ń há irin mú. Èyí tó bá mì, wọ́n á fún un, wọ́n á fi àkísà nù ún, wọ́n á bọ́ sí òmíràn. Wọn kò kánjú, wọn kò sì wo ẹ̀yìn. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ nìyẹn títí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ ìdìmú mi. Wọ́n fọwọ́ kan bóòtù òsì, ó dára. Wọ́n fọwọ́ kan ti ọ̀tún. Ó mì. Wọ́n mi orí díẹ̀, bí àgbà ṣe ń mi orí sí ọmọ tó fi bàtà sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Wọ́n fún un pinpin.

Mo jáde sí wọn. Mo bi wọ́n láti ìgbà wo ni wọ́n ti ń bá mi fún un.

Ojú tì wọ́n. Bàbá, ojú tì wọ́n nítorí tèmi.

Wọ́n ní, “Wùnmí, ọmọ mi, mi ò fẹ́ kí o rí mi. Níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́, bí agogo bá lù tí bóòtù kan ṣì ń mì, ẹni tó fi í sílẹ̀ kò ní í wá lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo rí tìrẹ, mo ní ọmọ yìí ti gbàgbé. Mo bá ọ fún un. Ọjọ́ kejì, ó tún ń mì. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣé kí wọ́n lè máa sọ pé ọmọbìnrin tó kàwé títí dé Ìlú Òyìnbó ò mọ bóòtù í fún?”

Wọ́n tún ní, “Nígbà tí wọ́n sì wá ní ẹnì kan ń bà á jẹ́, mo ní kí n máa fún un dáadáa sí i.”

Mo ní, “Ẹ ṣeun, bàbá.” Ohun tó jáde lẹ́nu mi nìyẹn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n má jẹ̀ẹ́ kó jáde síta, wọ́n sì gbé sípánà padà sára ògiri, síbi tí wọ́n ti fi ọ̀dà ya àwòrán rẹ̀ kí ó má bàa sọnù.

Ọjọ́rú, 25 oṣù Kẹta

N kò lọ síbi iṣẹ́. Mo ní inú ń run mí.

Gbogbo rẹ̀ ti tò lójú mi báyìí. Ọjọ́ tí mo bá de ègé tí mo sì sun ún lójú ẹsẹ̀, ó dára. Ọjọ́ tí mo bá dè é sílẹ̀ dọ̀la, Bàbá Gàfárù á ti yẹ̀ ẹ́ wò kí ilẹ̀ tó mọ́ bá wa. Wọ́n ní kí n jókòó kí n ṣàlàyé àwòrán. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ì bá gbà mí. Mo sọ pé kí wọ́n má ṣèyọnu.

Àbámẹ́ta, 28 oṣù Kẹta

Bàbá, lọ́la ni mo ń gbé ìwé yìí bọ̀ ní Òkè Àdó. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n nìyẹn, ìgbìmọ̀ á sì jókòó ní Ìṣẹ́gun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo dé. Bándélé kò mọ̀ pé mo ti mọ̀. Lánàá mo rí i ní Challenge, ó gbé ọmọ rẹ̀ lé èjìká, ó rí mi, ó sọdá sí òdìkejì. Títí di òní mi ò mọ ohun tó wà nínú lẹ́tà rẹ̀ yẹn, mi ò sì lè parọ́ fún yín pé kò sí nínú ọkàn mi mọ́. Àmọ́ lẹ́tà kò fún bóòtù.

Bàbá Gàfárù kò mọ̀ pé àwọn ló fọ́ ègé méjì. Lójú wọn, wọ́n ń bo àṣírí mi. Tí mo bá gbà wọ́n láyè kí wọ́n má mọ̀, ọmọ Bándélé á dàgbà nílé ẹni tí wọ́n lé níbi iṣẹ́ nítorí pé ó ba iṣẹ́ ẹlòmíì jẹ́. Tí mo bá lọ sọ ọ́ fún Dókítà, ìwé tó wà lára ògiri kò ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀. Oṣù mẹ́ta péré ló kù kí Bàbá Gàfárù gba owó wọn. Mo lè sọ pé èmi ni mo gbàgbé tí mo fún un fúnra mi, pé àlá ni gbogbo ìyókù. Dókítà á gbà á gbọ́, wọ́n á sì kọ̀wé sí Ọ̀jọ̀gbọ́n pé n kò ṣeé fọkàn tán, iṣẹ́ dókítà mi lọ nìyẹn. Ègé kan ṣoṣo tó kù wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Mi ò tí ì lè fọwọ́ kàn án.

Mo mọ̀ pé mo gbọ́dọ̀ bẹ̀bẹ̀. Lọ́hùn-ún, èèyàn á kọ lẹ́tà. Mo mọ̀ pé lẹ́tà kò tó níbí, mo ti kọ ọ̀kan ná, ẹ sì rí ohun tó ṣe. Mo mọ̀ pé àgbà ló yẹ kó ṣíwájú mi, àmọ́ mi ò mọ ilé ta ni kí a kọ́kọ́ dé. Ṣé ọ̀dọ̀ Bándélé, tí mo ṣẹ̀ jù, kí n sì bẹ̀ ẹ́ kó má dárúkọ bàbá arúgbó níwájú ìgbìmọ̀? Ó lè kọ̀, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀. Ṣé ọ̀dọ̀ Bàbá Gàfárù ni, kí n jókòó sórí àga tí mo kọ̀ lọ́jọ́ yẹn, kí n ṣàlàyé àwòrán fún wọn látòkè délẹ̀, kí wọ́n sì mọ ohun tí inú rere wọn ṣe? Tí mo bá mọ̀ wọ́n dáadáa, àwọn fúnra wọn ni wọ́n á lọ jẹ́wọ́ fún Dókítà kí ọ̀rọ̀ tó parí lẹ́nu mi. Àbí kí n lọ bá Dókítà ná, kí n bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yọ ìwé yẹn kúrò lára ògiri kí n tó dárúkọ ẹnikẹ́ni?

Ẹ̀yin ti jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé fún ọgbọ̀n ọdún. Ẹ ti jókòó níbi tí Dókítà jókòó sí, ẹ sì ti ní olùkọ́ bíi Bàbá Gàfárù lábẹ́ yín. Ọjọ́ méjì ló kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹnu ọ̀nà ta ni kí n kọ́kọ́ kàn, ṣé ẹ ó sì bá mi lọ?